Ohun Tí Wọ́n Fi Dí Egungun Mi

Ẹnu ara mi ló fẹ́ gba ẹsẹ̀ mi. Mi ò fi ṣeré o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo tú sódì níwájú dókítà àti ìyá mi, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì fẹ́ẹ̀ bá ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Kumasi ní Ghana ni wọ́n bí mi sí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Tafo là ń gbé, nínú agboolé kan tí àwa tí àwọn Asante ń pè ní Alata pọ̀ sí. Wọn kì í yé pè wá bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ pé òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n ti bí ọ. Èmi lè fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ èébú kí n fi Twi parí rẹ̀. Ìyá mi ò rí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí wọ́n ti lò ní ọjà Kejetia, Twi ọjà ni Twi wọn: ìkíni, ìdúnàádúrà, àti bí wọ́n ṣe ń lé ẹni tó kàn ń fọwọ́ pa ọjà lára tí kò ní rà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ìyẹn, wọ́n á yíjú sí mi: "Kí ló wí?"

Àwo ni ìyá mi ń tà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó gba àárín ọjà kọjá. Àwo tánganran, ife tíì, àwo ọbẹ̀ olódòdó, àti àwọn ńláńlá tí àwọn ìyàwó tuntun máa ń tò sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò ní fi jẹun títí ayé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo àwo á máa gbọ̀n, ìyá mi á sì na apá méjèèjì lé wọn lórí bí adìẹ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ. Ọjà yẹn ni wọ́n fi tọ́ mi lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Kò sí ohun tí ẹ lè sọ fún wọn nípa tánganran.

Ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Trotro ni, ọkọ̀ akérò kékeré wọ̀nyẹn. Ní Race Course, awakọ̀ kan ń fi ẹ̀yìn rìn láì wo ẹ̀yìn, ó tì mí mọ́ ògiri gọ́tà, ojúgun mi sì ṣẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn gan-an kọ́ ni wàhálà. Egungun ń ṣẹ́, egungun ń so. Wàhálà ni pé ìdọ̀tí gọ́tà bá a wọlé. Odindi ọdún kan ni ọyún fi ń jáde. Nígbà tó yá, wọ́n là á ní ọsibítù, wọ́n kó egungun tó ti kú kúrò, ojú egbò gbẹ, a dúpẹ́. Àmọ́ ihò kan ṣẹ́kù láàárín egungun náà, ihò tó lè gba àtàǹpàkò mi, èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló di òkè àti ìsàlẹ̀ mú. Wọ́n bu egungun díẹ̀ láti ìbàdí mi, wọ́n fi dí i. Ara mi yọ́ ọ bí iyọ̀. Wọ́n wá kìlọ̀ fún wa pé mi ò gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá, nítorí bó bá tún ṣẹ́ lójú ibẹ̀, gígé ló kù. Igi méjì ni mo fi ń tilẹ̀ rìn látìgbà náà, abíyá mi méjèèjì yi bí awọ.

Ìgbà náà ni dókítà tuntun dé. Ọmọ Asante ni, ó ti pẹ́ lókè òkun, kò sanra, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó sì ń ya àwòrán sórí ohun gbogbo tó bá rí: ẹ̀yìn ìwé oògùn, páálí abẹ́rẹ́, àní àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí i pé èmi ni mò ń túmọ̀ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah, ɔkyeame!" Ẹni tó bá gbé Kumasi mọ ẹni tó ń jẹ́ ɔkyeame. Òun ni agbẹnusọ ọba. Ẹnikẹ́ni kì í bá ọba Asante sọ̀rọ̀ tààrà. Ɔkyeame ni wọ́n ń sọ ọ́ fún, ɔkyeame á sì fi oyin díẹ̀ sí i kó tó dé etí ọba. Orí mi wú. Mo sọ nínú ara mi pé, ó dáa, níwọ̀n ìgbà tí mo ti di ɔkyeame, oyin ò ní wọ́n mi.

Oyin yẹn ló fẹ́ pa mí.

Dókítà yọ ìgò kékeré kan nínú dúrọ́ọ̀, wọ́n ti dé e pa pinpin. Nǹkan funfun kan wà nínú rẹ̀, kò ju kóró ṣúgà lọ. Ó ní sẹ̀rámíìkì ni. Ó ní òun máa fi abẹ́rẹ́ ńlá fa mùdùnmúdùn jáde nínú egungun ìbàdí mi, òun á rẹ irú nǹkan funfun yìí sínú rẹ̀, òun á fi dí ihò náà, egungun mi á sì máa hù wọ inú rẹ̀ lọ. Ó sọ̀rọ̀, ó ya àwòrán, ó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó dákẹ́, ìyá mi wò mí.

"Kí ló wí?"

Sẹ̀rámíìkì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé pé ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwo, ife, àti táìlì ilé ìwẹ̀. Mo wo ojú ìyá mi, mo sọ nínú ara mi pé inú wọn á dùn sí èyí.

"Màámi, tánganran ni wọ́n fẹ́ fi dí i. Irú èyí tí ẹ̀ ń tà gan-an!"

Mo rò pé wọ́n máa rẹ́rìn-ín ni. Ojú wọn ṣú.

"Tánganran?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Nínú egungun rẹ?" Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé mo ti ń ta tánganran kí n tó lóyún rẹ, mi ò tíì rí èyí tó fọ́ tó so pọ̀ rí. Èyí tó bá fọ́ nísọ̀ mi, ààtàn ni mò ń dà á sí. Wọn ò ní sọ ẹsẹ̀ ọmọ mi di ààtàn."

Mo yíjú sí dókítà. Mo ní, "Ó ní òun máa rò ó."

Ẹ wo irú ìránṣẹ́ ọba! Mo ba ti ìyá mi jẹ́, mo tún ba ti dókítà jẹ́, mo wá fọwọ́ mi gbé igi mi méjèèjì, mo ń lọ sílé. Láìjẹ́ pé ìyá mi tọwọ́ bọ̀wé, kò sí ẹni tó máa fi ọ̀bẹ kàn mí. Ọjọ́ orí mi ò tíì tó.

A jà nílé. Kí n má purọ́, èmi nìkan ni mo jà. Mo ní, "Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá gé e kó tó tẹ́ yín lọ́rùn?" Irú ọ̀rọ̀ yẹn, bó bá ti jáde lẹ́nu, kò ṣeé kó. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ń ṣa á lọ. Ìgbà tí omi ojú wọn bọ́ sínú àwo ẹ̀wà ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ń sunkún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ìyá ìjọ ní kí a fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyá mi ṣe àmín, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ mi bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi nìkan padà sọ́dọ̀ dókítà. Mo sọ òtítọ́ fún un: ìyá mi ò fẹ́.

"Kí ni o sọ fún un pé ó jẹ́?"

Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Nígbà tó wo ojú mi, ó dá a padà sójú.

"Ìyá rẹ gbọ́n jù ọ́ lọ," ó ní. "Bí mo bá fi àwo dídán sí ọ lẹ́gungun, ohun tó sọ gan-an ló máa ṣẹlẹ̀. Ara rẹ á kà á sí àlejò, á mọ ògiri yí i ká, kò ní bá a da nǹkan kan pọ̀."

Ó fa ìwé oògùn kan mọ́ra, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán. Ó ní ohun inú ìgò yìí, ohun tó wà nínú egungun náà ni wọ́n fi ṣe é, kálísíọ́mù àti ẹnì kejì rẹ̀ fọ́sífétì, tí wọ́n sun nínú iná títí ó fi le. Kò dán. Ara rẹ̀ ò jọ̀lọ̀, ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, ihò kan sì já sí ìkejì, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ọ̀nà gbà. Ó wá ní nínú mùdùnmúdùn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọn ò tíì yan iṣẹ́. Wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n lè di egungun rírọ̀ irú èyí tó wà létí, wọ́n sì lè di àwọn tó ń mọ egungun líle. Ibi tí wọ́n bá balẹ̀ sí ló máa ń sọ èyí tí wọ́n máa ṣe. Bí wọ́n bá balẹ̀ sórí ohun tó jọ egungun lára, tó le bí egungun, tó sì níhò bí egungun, ọ̀pọ̀ nínú wọn á jókòó síbẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ egungun. Bó bá pẹ́, ara á máa jẹ funfun náà díẹ̀díẹ̀, egungun gidi á sì máa gba ipò rẹ̀.

"Báwo ni nǹkan tí kò lẹ́nu ṣe ń sọ̀rọ̀ fún wọn?" mo bi í.

"A ṣì ń béèrè," ó ní. "Mi ò mọ gbogbo rẹ̀. Mo ti ṣe é fún ènìyàn díẹ̀. Ó gbà lára àwọn kan, kò gbà lára ẹnì kan. Má fi oyin sí èyí."

Ó fún mi ní ègé kan tó ti là nínú ìgò rẹ̀, tí kò wúlò fún iṣẹ́ abẹ mọ́. Ó ní kí n fi han Maame, ìyá mi.

Nínú trotro, mo ń wá Yorùbá kiri. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì yan iṣẹ́, kí là ń pè é? Mo gbìyànjú "irúgbìn ara", ó dà bí oúnjẹ ẹyẹ. Mo gbìyànjú "ẹ̀yà ara tó jẹ́ ìyá", àánú ara mi ṣe mí. Mò ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu láìmọ̀, ìyá kan tó gbé adìẹ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ rọra sún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ní, "Awurade!" Olúwa! Ó rò pé orí mi ti yí.

Ìyá mi ń to ife nígbà tí mo dé ìsọ̀. Mo gbé ìgò náà lé orí tábìlì.

"Kí nìyí?"

"Ohun tí mo pè ní tánganran nìyẹn."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé nǹkan kan níbí. Bí olówò bá kó páálí àwo tuntun wá, ìyá mi kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Wọ́n á fi èékánná ta àwo, wọ́n á gbọ́ bó ṣe dún. Lẹ́yìn náà wọ́n á dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n á fi ahọ́n kan ìdí rẹ̀ níbi tí dídán ò dé. Bó bá jóná dénú, ahọ́n á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí kò bá jóná tó, á gbá ahọ́n mú, ìyá mi á sì sọ fún olówò pé kó gbé páálí rẹ̀, kó máa lọ. Gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí i. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Alata Aláhọ́n, kì í sì í ṣe nítorí èébú nìkan.

Ìyá mi ṣí ìgò náà, wọ́n da ègé funfun náà sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n fi èékánná ta á. Kò dún. Wọ́n gbé e sókè sí oòrùn. Kí n tó sọ pé "Màámi, ẹ má ṣe é," ó ti wà lẹ́nu wọn.

Ó gbá a mú! Ó lẹ̀ mọ́ ahọ́n wọn pinpin, ìyá mi sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde dáadáa, nǹkan funfun ń fì lẹ́nu wọn bí eyín kan tó ń ṣe orí kunkun. Oníbàárà kan tó fẹ́ ra àwo ọbẹ̀ dáwọ́ dúró, ó ń wò. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́ẹ̀ ṣubú sórí ọjà. Wọ́n fà á yọ, wọ́n wò mí tìbínú-tìbínú.

"Ta ló pe èyí ní tánganran?"

"Èmi ni, mà."

"O ò ní làákàyè. Ọmọ aláwo ni ọ́, o ò mọ tánganran! Ara àmù ni èyí. Tánganran kì í mu nǹkan. Èyí ń mu."

Wọ́n fa ife sobolo tí wọ́n ń mu lọ́wọ́ mọ́ra, omi ìṣápá pupa yẹn. Wọ́n ti etí ègé náà bọ̀ ọ́. Pupa náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún lọ sókè fúnra rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí funfun ò fi sí níbẹ̀ mọ́. Ìyá mi wò ó títí.

"Ṣé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa wọ inú rẹ̀ nìyí?"

Mi ò tíì dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Mo jókòó sórí páálí, mo wá sọ ìyókù láìfi oyin sí i: pé nínú mùdùnmúdùn, àwọn kan wà tó dà bí ọmọ tí a kò tíì fi sẹ́nu iṣẹ́; pé bí wọ́n bá bá ara wọn nínú irú ihò yìí, iṣẹ́ egungun ni wọ́n máa kọ́; pé dókítà ò mọ gbogbo rẹ̀; pé ó kọ̀ lára ẹnì kan.

"Ibi tí a bá fi ọmọ sí náà ni yóò ti kọ́ṣẹ́," ìyá mi ní. "Ìyẹn yé mi. Mùdùnmúdùn ta ni wọ́n máa lò?"

"Tèmi."

"Tìrẹ nìkan?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Wọ́n ń fi aṣọ nu ife kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Wọn ò lè fa tèmi? Ó ti gbó díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ti jìyà tó, wọ́n ti gé ọ níbàdí lẹ́ẹ̀kan. Bi í pé ṣé wọn ò lè fa tèmi."

Èyí ló wà lọ́kàn wọn! Mo bú sẹ́kún láàárín ọjà Kejetia. Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ nídìí ẹ̀wà, wọ́n ní ọ̀rọ̀ wo, wọ́n ní kí n nu imú mi, àwọn oníbàárà ń wò wá.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi ò jẹ́ kí n túmọ̀. Twi ọjà wọn ni wọ́n gbé lọ bá dókítà, wọ́n dúró níwájú tábìlì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dúnàá dúrà. Wọ́n béèrè bóyá ó máa lo tiwọn. Ó ní rárá, pé ti ẹlòmíràn, ara mi lè kọ̀ ọ́. Wọ́n béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá gbà. Ó ní a ó padà síbi tí a wà lónìí, pẹ̀lú ìrora lórí rẹ̀. Wọ́n béèrè bí egungun bá gbà. Dókítà ní, "Á rìn." Ìyá mi gba bírò. Wọ́n kọ orúkọ wọn gbòòrò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ abẹ náà, mi ò lè ròyìn rẹ̀, mo sùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo jí, ìbàdí tí wọ́n ti fa mùdùnmúdùn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, dídúró ló kù, dídúró kò sì sí nínú ìwà mi. Mo ń jà pẹ̀lú ìrọ̀rí. Ẹ́síréè àkọ́kọ́ bà mí lẹ́rù: àwọn ègé funfun náà wà nínú egungun mi ní ìkọ̀ọ̀kan bí ẹ̀wà nínú omi, okùn dúdú yí olúkúlùkù ká. Dókítà ní okùn dúdú yẹn ni ààlà, níbi tí egungun ò tíì dé. Ìyá mi béèrè ìgbà tó máa dé. Ó ní egungun kì í yára.

Nígbà kejì, okùn náà ti fẹ́lẹ́ níbi kan, ó nípọn níbòmíràn. Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá wá dúró síbẹ̀ ńkọ́? Bí èmi bá wá jẹ́ ẹni tó tún kọ̀ lára rẹ̀ ńkọ́? Mo bi ìyá mi. Wọ́n ní, "Kó yára tàbí kó pẹ́, ìwọ ṣáà ti jẹun." Ẹja àti èdò ni wọ́n ń rọ́ sí mi lọ́nà ọ̀fun, títí mi ò fi fẹ́ rí ẹja mọ́.

Oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ la lọ fún èyí tó gbẹ̀yìn. Dókítà gbé fọ́tò náà sí ojú iná. Ó fi ẹnu bírò wá àwọn ègé rẹ̀ kiri: "Ọ̀kan rèé… rárá, egungun nìyẹn. Èyí… mi ò mọ̀." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó tún un wọ̀. Kò rí ààlà mọ́. Ó tẹ ojúgun mi mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́, kò tẹ̀. Ó ní kí n gbé igi kalẹ̀.

Mo gbé e kalẹ̀, mo sì dúró gbagidi. Ẹ̀rù bà mí. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn bí ẹyin, wọ́n wá ní kí n fi tẹ ilẹ̀? Mo ní bóyá lọ́la. Mo ní bóyá kí ẹnì kan di ọwọ́ mi mú.

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó igi méjèèjì, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì jáde.

Láti ọjọ́ tí trotro ti tì mí mọ́ ògiri, ẹ̀yìn mi ni ìyá mi ń rìn, ní gbogbo ibi tí a bá lọ, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì nínà sílẹ̀ dè mí, kí n má baà ṣubú. Lọ́jọ́ yẹn iwájú ni wọ́n wà, wọ́n sì ti fẹ́ẹ̀ dé ẹnu géètì.

Mo kígbe, "Màámi, ẹ dúró dè mí!"

Wọn ò wẹ̀yìn. "Ọkọ̀ Tafo ti ń kún," wọ́n ní. "Máa bọ̀."

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ gbé.